Lábẹ́ Yangí

Ọyẹ́ mú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Òkè-Baálẹ̀:
ètè wa là, ilẹ̀ pàápàá là.
Lánàá ni òjò àkọ́rọ̀ bọ́ lójijì.

Làmídì ò jẹ́ kí tìpá wọ kòtò.
Ó fi ẹ̀rúkọ́ lu ògiri iyẹ̀pẹ̀,
kó, kó, kó,
lókè ó le bí eyín.
Nísàlẹ̀: pò.

“Ẹ gbọ́? Yangí ló gun iyanrìn léjìká.
Omi sì ti bá wọn dá sí i.”

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Ògiri tó ti ń dúró láti èṣí?

Làmídì nawọ́ sí sálúbàtà kan,
ti ẹsẹ̀ òsì, tó yọrí nínú amọ̀.
Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Tìpá fẹ̀yìn rìn jáde.
Títí ilẹ̀ fi ṣú, ògiri ò wó.
Làmídì jókòó lókèèrè,
ó ń tẹ́tí.