Yàrá Òtútù Ìgbọ̀nà

Aago méjì òru ni ní Wínípẹ̀gì.
Yìnyín ti bo ọkọ̀ mi dé fèrèsé.
Ní Òṣogbo, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lù,
wọ́n ti gbé mi ti agolo ṣúgà lórí tábìlì.
Òrùlé ni mò ń rí, àti etí ọ̀tún Àlàmú,
àti ohùn kan láti ẹ̀yìn: "Akọ̀wé, ṣé ò ń gbọ́ wa?"
Mò ń gbọ́ yín.

Òtútù la jọ ń tà, ẹ má rẹ́rìn-ín.
Yàrá kan ní Ìgbọ̀nà, ẹ̀rọ kan,
ogójì ènìyàn tó dáwó jọ
kí tòmátì wọn má baà rà kí ilẹ̀ tó mọ́.
Níbi tí mo wà, ọ̀fẹ́ ni òtútù,
ó ń já bọ́ láti òkè, à ń fi ṣọ́bìrì kó o dànù.
Nílé, lítà lítà la fi ń rà á.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fi òfin mẹ́rìnlá ránṣẹ́,
mo fa ìlà sí i, mo kùn ún láwọ̀ búlúù.
Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé."
Wọ́n sì ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é.
Ta ni yóò bá ẹni tí kò rí lójú jiyàn?
Ìyá Ráfátù ló fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan:
"Ìwọ ọmọ yìí, orúnkún ń dùn mí láti oṣù Ṣáábánì,
o ò bi mí rí.
Iye agbọ̀n mi lo máa ń bi mí."
Ojú tì mí lórí ibùsùn.
Látìgbà náà, orúnkún ló ń ṣáájú agbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ epo wá dé. Ìwé Mọ́rúfù ní ogójì lítà,
ẹ̀rọ ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lòun mu.
Mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti tẹ "olè" tán,
mo pa á rẹ́.
Mo kọ: "Mọ́rúfù, ilé ńkọ́?"
Ọjọ́ méjì, kò fèsì.
Lọ́jọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ pè:
"Wọ́n sin bàbá kan ládùúgbò wa, kò sómi.
Mo bu epo fún ẹ̀rọ omi mọ́ṣáláṣí.
N ò kọ ọ́, torí ìwé yín ò béèrè irú ẹ̀."

Ìwé mi ò béèrè lóòótọ́.
A fa ìlà tuntun kan sí i.
Àlàmú sọ ọ́ lórúkọ: Èyí Tí A Fi Ṣe Èèyàn.
Kò gbọdọ̀ ju lítà mẹ́wàá lọ lóṣù.
Ọdún kẹta rèé. Èrè ò tíì tó nǹkan,
àmọ́ a ti san gbèsè ẹ̀rọ tán.

Lónìí, kí wọ́n tó pa fóònù,
Ìyá Ráfátù ní, "Ẹ gbé e wá kó wò ó."
Wọ́n gbé mi la àgbàlá kọjá,
sálúbàtà, oòrùn, ewúrẹ́ kan,
wọ́n ṣílẹ̀kùn.
Kùrukùru òtútù rọ́ jáde,
ó bo ojú fóònù wọn pátá.
Ní Wínípẹ̀gì, mo fa apá ẹ̀wù mi,
mo ń nu tèmi.