Irinwó Mítà

Ní Punta Arenas, níbi tí afẹ́fẹ́ le débi
tí wọ́n fi ń ta okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì
kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú,
Maitén jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun
ní agogo mẹ́ta òru.
Búrẹ́dì ń bẹ nínú ààrò, fóònù ń bẹ lọ́wọ́.

Áàpù kìíní béèrè kó tó kí i:
ṣé ọkùnrin ni ẹ́ àbí obìnrin?
Ilẹ̀kùn méjì péré, kò sí fèrèsé.
Ó tẹ obìnrin, nítorí ìyá rẹ̀.
Ó pa á rẹ́. Ó tẹ ọkùnrin, ó rẹ́rìn-ín,
ó yọ áàpù náà kúrò bí ẹni yọ eegun ẹja lọ́fun.
Ẹ sì wo bí mo ṣe ń sọ ọ́:
"ó" ni mo ń pè é bọ̀ láti òkè,
ẹnu mi ò kọsẹ̀ rí.

Ìkejì ní orúkọ mẹ́tàlélógún téèyàn lè jẹ́.
Inú rẹ̀ dùn, ó mú mẹ́ta, ó dá ọ̀kan padà.
Àmọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù wà ní Puerto Montt,
ẹgbẹ̀rún kìlómítà ó lé,
òkun, yìnyín, àti owó ọkọ̀ òfuurufú láàárín.
Ọ̀rọ̀ dídùn kò lè mú ẹsẹ̀ móoru.

Ìkẹta, tọkọtaya ló kún ibẹ̀,
wọ́n ń wá ẹnìkẹta bí ẹni ń wá àga kún àga.
Rigoberto kan náà wà níbẹ̀,
tó fi fọ́tò àbúrò rẹ̀ obìnrin bojú.
Maitén mọ àbúrò náà:
ó jẹ wọ́n ní gbèsè búrẹ́dì méjì.

Ìkẹrin kò lẹ́wà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ìfọṣọ.
Yanara ló ní kó gbà á:
"Ó kéré tán, o lè fi ojú ẹ pamọ́ fún ọ̀gá ẹ."
Ó fi àwòrán ọwọ́ ara rẹ̀ síbẹ̀, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá.
Ó kọ ọ́ sábẹ̀: Mo máa ń jí nígbà tí ẹ bá ń sùn.

Ẹnìkan ṣoṣo ló yọ.
Irinwó mítà.
Òun náà, ọwọ́ ló fi síbẹ̀:
báńdéèjì aláwọ̀ búlúù lórí àtàńpàkò.

Lọ́sàn-án àná, ọwọ́ yẹn
ka ṣẹ́ńjì sí i ní àtẹ́lẹwọ́ nílé oògùn.
Kò pè é ní màdáámù. Kò pè é ní ọ̀gá.
Ó kàn ní, "Rọra o, afẹ́fẹ́ ń bẹ níta."

Búrẹ́dì ti ń rùn. Ó sáré gbé e kalẹ̀,
ó padà wá tẹ fóònù,
ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti funfun jù, fóònù ò mọ̀ ọ́n.
Ó nu ún mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.
Ó tún un nù.