Nọ́ńbà Ìdí Ife

Ife tánganran kan wà nílé wa ní Ìlíṣàn,
etí rẹ̀ ti bó, dídá rẹ̀ ti ṣú,
a kò gbọdọ̀ fi bu omi mu.
Baba wa Odùlàjà ló ń fi mu gàárì lọ́sàn-án.
Tó bá mu tán, a dojú rẹ̀ dé orí pèpéle,
nígbà náà la ó rí nọ́ńbà tí wọ́n fi ìṣó họ sí ìdí rẹ̀,
nọ́ńbà ológun.

"Ó ní òun ń lọ ra kẹ̀kẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde," ìyá wa wí.
"Ọdún mẹ́rin ló fi ra kẹ̀kẹ́."
Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dé látòkè òkun,
Tíṣà Ọnàdẹ̀kọ́ ló bá wọn kà á lábẹ́ igi ọsàn:
Mo wà láàyè. Mo wà ní
ibẹ̀ ni wọ́n ti da yíǹkì dúdú sí i.
Ìyá wa na lẹ́tà náà sójú oòrùn,
bóyá ilẹ̀ Bọ́mà yóò yọ lẹ́yìn yíǹkì.

Ó dé. Kò sí kẹ̀kẹ́.
Bùláńkẹ́ẹ̀tì kan, ife kan, èdè Gàm̀bàrí tó yọ̀ lẹ́nu rẹ̀.
Ẹgbẹ́ rẹ̀ pé jọ: "Ènìyàn mélòó lo pa?"
Ó ní, "Ẹ̀fọn ni mo pa jù."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún bi í.
Ó dìde, ó lọ pọn omi.

Èdè náà ló fi ta obì gbànja ní Sábó Ṣágámù.
Ewé nísàlẹ̀, obì, ewé lókè,
ó ń tò ó sínú agbọ̀n bí ẹni to sójà.
Èyí tí kòkòrò bá ti jẹ, kì í jù ú nù,
a wa ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, a bò ó mọ́lẹ̀.
Obì ló rán àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níléèwé.

Bí òjò òru bá ń lu páànù,
a ó gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún,
a ó gbọ́ ìyá wa, láìdìde, bí ẹni ń ka owó:
"Odùlàjà, Ìlíṣàn nìyí.
Páànù ni. Ìlíṣàn nìyí."
Títí òjò yóò fi dá.

Olúṣẹ̀san lorúkọ àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀ṣì,
Tànkó ni baba wa ń pè é.
A rò pé àlàjẹ́ lásán ni.
Lọ́jọ́ kan oníbàárà kan ti Kàtsínà wá,
Málàm Lawalì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í tẹ ilẹ̀ dáadáa.
Baba wa ké sí ọmọ: "Tànkó, gbé omi wá!"
Obì bọ́ lọ́wọ́ àlejò.
Ó wo ọmọ náà, ó wò ó,
ó sọ ọ̀rọ̀ kan, baba wa fi ọ̀rọ̀ kan dá a lóhùn,
àwọn méjèèjì kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́.
Nígbà tó ń lọ, ó fi ṣílè kan lé Tànkó lọ́wọ́,
ó ká ìka ọmọ mọ́ ọn,
ó tún ṣí i wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

N kò béèrè. Mo ti dàgbà tó láti béèrè.

A kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí baba wa.
Nígbà tí ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ibojì bi wá,
nọ́ńbà ìdí ife ló bọ́ sí mi lẹ́nu.
Ó ti gbẹ́ méjì nínú rẹ̀ kí n tó ké pé rárá, àṣìṣe ni.
Tànkó ló di ọwọ́ mi mú.
Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó máa gbẹ́ ẹ lọ."