Ọ̀rọ̀ Tó Gba Ẹnu Ọmọ Kọjá

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gba ẹ̀yìn Òkèlérìn lọ sílé
kí n má baà rí òrùlé Olágòkè.
Ọmú kan náà lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi mu,
àmọ́ látọjọ́ tí mo ti ta oko kajú wa lọ́nà Ìkòyí-Ilé,
gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbọ́,
àfi àwa méjèèjì tí a ò gbọ́ra wa.
Mo tà á. N kò bi í.
Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyàwó mi, ọsibítù ń bèèrè owó.
Àwáwí kọ́. Bó ṣe rí ni mo ń sọ.

Lánàá, lẹ́yìn òjò, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀.
Mo gbé àpótí Ìyá dání,
èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú,
tí Ìyá máa ń fi páálí sí lábẹ́
kó tó jókòó ti ẹ̀gúsí tó fẹ́ bó.

Ó wò mí. Ó wo àpótí. Ó pe ọmọ rẹ̀:
"Oyèníkẹ̀ẹ́, bi àlejò pé kí ló wá ṣe."
Yàrá kan náà la wà o,
àga kan péré ló wà láàárín wa.
"Wọ́n ní kí lẹ wá ṣe, sà."
"Sọ fún bàbá ẹ pé ẹ̀bẹ̀ ni."
"Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ làwọ́n wá bẹ̀ yín."
"Bi í pé ṣé ẹ̀bẹ̀ máa ń so kajú."
Ọmọ ọdún mẹ́jọ!
Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.
Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá nìyẹn,
èyí tó korò, èyí tó ta,
títí mo fi gbọ́ tó ń fi "ẹ jọ̀ọ́" kún ti bàbá rẹ̀.
Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ "ẹ jọ̀ọ́". Kò sì bá a wí.

Wọ́n mú iná lọ.
Nínú òkùnkùn, a ò mọ ẹni tó ń wo ta.
Mo gbé àpótí kalẹ̀, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì.
Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí ohùn rẹ̀ tó bá mi,
ohùn rẹ̀ gan-an,
tí kò gba ẹnu ẹnikẹ́ni kọjá:
"Ṣọ́ra níbi àtẹ̀gùn. Ìkejì ti yẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́.
Mo sọ̀ kalẹ̀ dé ìkejì, mo dúró lé e.
Lẹ́yìn mi, nínú ilé,
ẹnì kan ń ya páálí.