Ojú Ìyá Tiwalọlá

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kọ̀ mí sílẹ̀,
tó nà gbalaja lórí bẹ́ńṣì ní ọsibítù Wẹ́sílì, n'Íléṣà,
bí àlejò tí kò fẹ́ kí wọ́n jí òun.
Múyìwá, ọmọ tó ń bá wa tọ́jú iṣan, ní, "Bàbá, ẹ gbé e."
Mo ní kó dìde. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣépè fún un.
Ẹsẹ̀ kò dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ la fi ń jẹun nílé wa.
Òṣómàáló ni bàbá mi.
Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti àfẹ̀mọ́júmọ́,
kò ní bú ènìyàn, kò ní gbé ohùn sókè,
ojú lásán ni yóò máa fi wò ó.
Ọwọ́ onígbèsè á ti wọ àpò
kí ọkàn rẹ̀ tó gbà pé òun fẹ́ san.
Ọmọdé ni mí, mo gbé ìdì aṣọ dání,
mo rò pé owó ni mo ń wò.

Lánàá ni Tiwalọlá, ọmọ ọdún mẹ́ta,
gun àga tí wọ́n gbé ti fèrèsé,
ó fẹ́ wo ọ̀kadà tó ń gòkè lọ sí Ìsọ̀kún.
Èmi kò rí i. Ẹ̀yìn mi ló wà.
Ìyá rẹ̀ ni mo rí, lẹ́nu ilẹ̀kùn,
ike omi lọ́wọ́:
ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí,
ohùn kankan kò jáde.
Kò tíì pariwo. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, kò tíì pariwo
tí mo ti yí pa dà,
tí apá mi ti nà,
tí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ yìí, ti tẹ ilẹ̀.
Etí aṣọ ọmọ náà ni mo rí dì mú.
Ìgbà náà ni ike omi tó bọ́.

Gbogbo yàrá ń yọ̀. Múyìwá ń fò sókè.
"Bàbá, ẹ tún un ṣe!"
Mo wo ẹsẹ̀. Mo ní kó dìde.
Àfi ọmọ ìka ńlá tó gbọ̀n díẹ̀,
bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójú oorun.

Ta wá ni ẹsẹ̀ mi ń sìn gan-an?

Láàárọ̀ yìí Múyìwá kò sọ̀rọ̀.
Ó lóṣòó níwájú mi, ó tẹjú mọ́ mi
bí ẹni tí mo jẹ lówó.
Ẹ̀rín pa mí.
N kò tíì rín in tán
tí itan mi ti fà.