Ihò Mẹ́ta Nínú Erìgì

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.
Ẹ bi àwọn oníbàárà mi l'Ókèṣà níbí, wọn á ní,
"Ìyá Ìbídùn aránṣọ? Kì í rẹ́rìn-ín."
Irọ́ ni. Inú àtẹ́lẹwọ́ ni mò ń rín in sí.
Eyín òkè yọ síta, ti ìsàlẹ̀ ń gun ara wọn
bí èrò tó ń jà sí mọ́tò ìkẹyìn lálẹ́,
èmi tí mo lè rán ìlà gbọọrọ láìwo rúlà.

Mo ní mo fẹ́ wọ wáyà.
Ọwólabí ẹ̀gbọ́n mi gbé ife gààrí kalẹ̀:
"Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.
Ìwọ tó o ti ń múra à ti di ìyá àgbà?"
Mi ò fèsì. Mo wọ mọ́tò Ifẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Dókítà Fápohùndà gbé àwòrán eegun mi sójú iná.
"Ìrókò ti gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n eegun kì í ṣe igi.
Eegun ń gbọ́ràn.
Wáyà nìkan, ọdún méjì, ó lé.
Bí a bá dá ihò tíntìntín sí i nídìí eyín,
ara á sáré wá tún un ṣe;
níbi tó ti ń tún un ṣe, eegun á dẹ̀, eyín á sún.
Mi ò ní búra o. Ẹlòmíì a tètè yá,
ẹlòmíì kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀."
Torí pé kò búra ni mo ṣe gbà á gbọ́.

Mo rántí bàbá mi lóko Ìbòdì, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀,
tí ilẹ̀ gan bí títì ọlọ́dà.
Kò jẹ́ fa ẹ̀gẹ́ tu lójijì, kó má baà kán.
Á fi ṣóńṣó àdá gún ilẹ̀ yí i ká,
á bu omi díẹ̀ sí i, á jókòó.
Ẹ̀gẹ́ á jáde bí ẹni tí a pè lórúkọ.

Abẹ́rẹ́ kan, gbogbo ètè mi kú.
Lẹ́yìn náà irin kan, kò tó kọ́kọ́rọ́ àpótí owó mi,
ó ń yí, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú agbárí mi.
Ọ̀kan. Èkejì. Ẹ̀kẹta.
Èmi tí mo ń fi abẹ́rẹ́ jẹun
ń retí kí wọ́n rán nǹkan. Wọn ò rán nǹkan kan.
Ẹ̀jẹ̀ tó jáde ò kún ìdérí ìgò.

Alẹ́ ọjọ́ náà, hẹn! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni purọ́ fún yín.
Abẹ́rẹ́ kéré, adìẹ ò le gbé e mì.
Ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan, ata di èèwọ̀.
Mi ò lè fi ètè di píìnì mú mọ́,
ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bá mi dì í, tó ń kùn.

Oṣù kẹsàn-án, dókítà ní òun lè pa àlàfo iwájú dé.
Mo mi orí. Èjí ìyá mi nìyẹn.
Ẹ to àwọn yòókù, ẹ fi í sílẹ̀.

Lánàá, Ọwólabí sọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rín pa mí.
Ọwọ́ mi ti dé àgbọ̀n kí n tó rántí.
Eegun ti gbọ́.
Ọwọ́ ni kò tíì gbọ́.