Ihò Méjì Láyà Mọ́tò

Mọ́tò Bàbá dé láti ọ̀dọ̀ àwọn panẹbítà ní Gànmọ̀,
ó ń dán bí ojú ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa.
Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ ayé ọjọ́sí, àwọ̀ rẹ̀ bí ẹyin ẹtù,
táyà pé, iná iwájú pé,
ṣùgbọ́n ihò méjì ṣì wà láyà rẹ̀:
ọ̀kan níbi tí rédíò ti wà,
ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà,
níbi tí tẹlifóònù ti jókòó bí ìjòyè.

Lámídì ẹ̀gbọ́n mi ló yọ rédíò yẹn
lọ́dún tó fẹ́ kí orin máa lu òun láyà.
Ó fi èyí tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì bí iná ilé ọtí rọ́pò rẹ̀,
wọ́n gé wáyà bí ẹni ń gé ilá.
Ràímì oníwáyà wò ó, ó pòṣé:
"Kí ló dé tí ẹ ò ra tuntun?"
Mo ní, "A kì í fi eyín góòlù sẹ́nu arúgbó
ká ní ó ti padà di ọmọge."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa wá a lọ.

Mo wá a ní Táíwò, láàárín gíláàsì àti bọ́ǹpà.
Mo wá a dé Ìdófìán, lẹ́yìnkùlé olóògbé sọ́fẹ́yọ̀ kan
tí adìyẹ mẹ́ta ń sàba lórí ṣíìtì ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀.
Ọmọkùnrin kan ní Ajàṣẹ́-Ìpo gbé ọ̀kan jáde,
ó fi ẹ̀wù nù ún, ó ní, "Ojúlówó ni, Alàgbà."
Mo yí i. Kò yí bí ti Bàbá.
Ti Bàbá a máa ró kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ẹni ń pa èkùrọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan,
bọ́tìnnì àárín rẹ̀ sì ti fá
nítorí ìròyìn aago méje.

Òmù-Àrán ni mo ti bá a,
nínú páálí ọṣẹ, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Fọlágbadé,
opó mẹ́káníìkì tó ń tún mọ́tò náà ṣe.
"Ọkọ mi ní ká má tà á, olówó rẹ̀ á wá."
Ọdún mọ́kàndínlógún. Kò gba kọ́bọ̀.
Páálí rẹ̀ nìkan ló ní kí n dá padà.

Tẹlifóònù ńkọ́?
Mo bá Màmá níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì ní Sábó-Òkè.
"Èyí tí bàbá yín fi máa ń pe Èkó
bí ẹ bá ti ń kọjá níwájú ilé Kọ́ńtírakítọ̀ Ọ̀ṣágbèmí?"
Mo ní òun ni.
"Wáyà rẹ̀ kò dé ibì kankan rí.
Abẹ́ ṣíìtì ló parí sí. Mo rí i lọ́jọ́ tí mò ń gbá mọ́tò.
Mi ò sọ fún un pé mo rí i."
Ó wọ yàrá, ó pẹ́ díẹ̀,
ó gbé e jáde nínú ìdajì aṣọ òfì:
dúdú, ó wúwo bí ọmọ ọlọ,
okùn rẹ̀ ká bí ọ̀kùn tí a fọwọ́ kàn.

Lánàá, Ràímì so gbogbo rẹ̀ padà.
Rédíò tàn. Àmì pupa rìn láti òsì dé ọ̀tún,
kò bá ẹnikẹ́ni lọ́nà,
àfi ariwo bí òjò lórí páànù.
Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ti kó lọ síbòmíràn.
Ràímì fẹ́ pa á. Mo ní kó jẹ́ kó máa rọ̀.

Màmá jókòó lẹ́yìn, níbi ìjókòó ọ̀gá.
A dé iwájú ilé Ọ̀ṣágbèmí,
tó ti di jẹ́lé-ó-sinmi báyìí,
ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká:
"Gbé e."
Mo gbé e sétí. Ó tutù, ó dákẹ́ bí inú ìkòkò.
"Hẹ́lò, Èkó!" ni mo ké, ohùn Bàbá gan-an,
àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu géètì juwọ́ sí wa.
Mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ. Mi ò sì gbé e sílẹ̀.
"Má pẹ́ níbẹ̀," ni Màmá wí,
"owó ń lọ."